Séríìsì Kò Ní Ìdí Àlọ́: Ìdáhùn fún Òǹkàwé Tó Ń Wò Ó Mọ́jú

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Asẹ́rò ni ilé wa wà, l'Abẹ́òkúta níbí. Tí a bá jẹun alẹ́ tán, mo máa ń tan séríìsì ní nǹkan bí aago 9 pé kí n wo apá kan péré. Kí n tó mọ̀, aago 3 òru ti lù. Aago 6 ni mo gbọ́dọ̀ jí torí ọmọ mi ọmọ ọdún 9 tó ń lọ ilé ìwé, òun náà sì máa ń jókòó tì mí wò ó. Ojú ń ta mí, ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì máa ń wú lálẹ́, mo sì ń tòògbé nínú ìsọ̀. Ọkọ mi ní ọ̀kánjúwà ojú ni. Ṣé àìsàn ni? Báwo ni mo ṣe lè dín in kù láìpa á tì pátápátá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ajé á bá yín gbélé. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọ̀kánjúwà. Nínú ìwé àkójọ àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò láti 2022, wọ́n ka gbígbá géèmù láṣejù mọ́ àìsàn, ṣùgbọ́n wọn ò ka tẹlifíṣọ̀n wíwò mọ́ ọn. Ìyẹn ò ní kó má lè ṣe yín ní jàǹbá. Ojú tó ń ta yín àti ẹsẹ̀ tó ń wú ti ń sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbà pé ìwà yín ló bàjẹ́, ìbúra lẹ ó máa fi jà á, "mi ò wò ó mọ́ láti ọ̀la," irú ìbúra bẹ́ẹ̀ kì í sì í kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe so okùn yìí ká tó mọ ibi tí a ó ti tú u.

Ẹ rántí bí apàlọ́ ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kádìí: "Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà." Ó tán nìyẹn. Ìjàpá ti jìyà ẹ̀, ẹni tó máa sùn á lọ sùn. Kò sí ọmọ tó ń fi òru ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí Ìjàpá lọ́la. Séríìsì kò ní ìdí àlọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò, ó gé ìtàn síbi tó ta èèyàn lára jù, ó wá lọ fi ìyókù sí ìbẹ̀rẹ̀ apá tó kàn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gé e. Ká ní apá kan gba ìṣẹ́jú 45. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, wàhálà tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń yanjú díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù ni wọ́n á fi dá òmíràn sílẹ̀: ìyàwó ilé wọ yàrá ọkọ, ó fa àpótí kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí i. Wọn ò fi ohun tó wà nínú ẹ̀ hàn yín. Ojú obìnrin náà ni wọ́n gbé sún mọ́ yín. Ó la ẹnu, ilẹ̀kùn dún lẹ́yìn rẹ̀, ìlù bú, ó parí. Tí ẹ bá wo apá tó tẹ̀ lé e, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ á ti tú: ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣílẹ̀kùn, aṣọ ìyá ọkọ tó ti kú ló wà nínú àpótí. Ọkàn yín á balẹ̀. Láti ibẹ̀ títí di ìṣẹ́jú 40, ìtàn kàn ń lọ ni, kò di yín lọ́rùn mú. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sí 35 yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni a máa padà sí. (Àwọn oníṣẹ́ fíìmù tiwa náà mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ẹ bi àwọn tó ra apá kìíní kásẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un, tí wọ́n wò ó títí, tí wọ́n kàn rí "ẹ máa retí apá kejì" nígbà tí ọ̀bẹ ṣì wà lókè.)

Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Bluma Zeigarnik, gbé ìwádìí kan jáde ní 1927 pé iṣẹ́ tí wọ́n dá èèyàn dúró lórí ẹ̀ láìparí máa ń dúró lọ́kàn ju èyí tó parí lọ. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i bákan náà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé séríìsì ò dúró de ìwádìí kankan kí wọ́n tó máa lò ó.

Ọwọ́ ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 31 oṣù kẹwàá 1959, àti fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fúnra wọn ló ń lé èèyàn lọ sùn: wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè lóru, ojú tẹlifíṣọ̀n á wá máa ṣe ṣààà. Ẹni tó fẹ́ mọ bí eré ṣe parí á dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní 1 oṣù kejì 2013, Netflix gbé gbogbo apá 13 eré kan jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, apá kan á sì tún máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ti ìṣáájú bá ti parí. Reed Hastings tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà sọ ọ́ ní gbangba ní 2017 pé oorun ni àwọn ń bá du oníbàárà. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ máa wò ó nìṣó ló ń dìde. Ní báyìí, ẹni tó fẹ́ dáwọ́ dúró ló gbọ́dọ̀ dìde. Lẹ́yìn tí ẹ ti dúró lórí ẹsẹ̀ nínú ìsọ̀ láti àárọ̀, ta ló fẹ́ dìde?

Ohun kan tún wà tí ẹ ò kọ sínú ìbéèrè yín, tó sì hàn nínú rẹ̀. Oníbàárà ló ni ọ̀sán yín, ọkọ àti ọmọ ló ni ìrọ̀lẹ́. Láti aago 9 lọ nìkan ló jẹ́ tiyín. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, wákàtí kan ṣoṣo tó jẹ́ tiyín ló ní kí ẹ kó fún òun, ọkàn ò sì ní gbà. Ìdí nìyí tí a kò fi ní ní kí ẹ pa á tì.

Oorun ni gbèsè tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán lálẹ́ kan. Aago 3 sí aago 6, wákàtí 3 lẹ̀ ń sùn. Gbèsè wákàtí 4 lálẹ́ kan nìyẹn. Fún ọjọ́ mẹ́fà tí ẹ fi ń ná ọjà, ó ti di 24. Oorun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ò lè san án. Òótọ́ ni pé oorun àsùnwọra tó ń tún ara ṣe máa ń pọ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ oorun, nítorí náà wákàtí mẹ́ta yẹn kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n oorun tí èèyàn fi ń lá àlá, apá ìparí oorun ló pọ̀ sí, òun sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn balẹ̀ kí inú má sì máa tètè bíni. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀ ń jágbe mọ́ oníbàárà tó kàn bi yín ní iye owó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti mọ ibi tó ti wá.

Àwọn èèyàn máa ń di gbogbo ẹ̀bi yìí ru ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ń jáde lójú ẹ̀rọ. Ó ní ipa tirẹ̀: ìmọ́lẹ̀ lálẹ́ máa ń dín melatonin kù, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti kéde fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, wọ́n ń sọ ọ́ jù. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sí èèyàn kò tan ìmọ́lẹ̀ sójú tó fóònù tí wọ́n gbé síwájú imú. Ohun tó ń lé oorun yín ni ọkàn tí kò tíì sọ̀kalẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2017 lórí ọ̀dọ́ 423, ọmọ ọdún 18 sí 25, ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn tó ń wo séríìsì léra léra ni oorun wọn kò dára tó, ó sì rẹ̀ wọ́n jù. Ohun tí àwọn olùwádìí rí pé ó so méjèèjì pọ̀ ni pé ọkàn wọn ṣì ń sáré nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣì ń ṣí nínú orí yín.

Tí ẹ bá sì ń jẹ obì láti lé òògbé nínú ìsọ̀, ẹ ṣọ́ ọ. Gbànja àti àbàtà ní kaféènì nínú, bíi ti kọfí. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Obì aago 5 ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bá yín jókòó ní aago 10. Tí ẹ máa bá jẹ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá aago 1 ọ̀sán.

Ojú yín ń ta nítorí pé kò ṣẹ́jú tó. Ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ń ṣẹ́jú bíi ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó tẹjú mọ́ fíìmù, ó lè má tó ìdajì rẹ̀. Omi ojú á gbẹ, pàápàá tí fáànù bá kọjú sí yín. Ẹ yí fáànù sí ìsàlẹ̀, sí apá ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ohun tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ títí dé géètì. Ẹ má pa gbogbo iná yàrá nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Ẹ tan gílóòbù kékeré kan sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra oògùn ojú tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì. Òmíràn nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní sítẹ́rọ́ìdì: ó máa ń tu ojú lára lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè, ìyẹn sì ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀ láìdunni.

Ẹsẹ̀ tó ń wú: iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn bí a bá ń rìn. Tí ẹ bá dúró lójú kan nínú ìsọ̀ lọ́sàn-án, tí ẹ tún wá jókòó lójú kan fún wákàtí mẹ́fà lálẹ́, iṣan yẹn ò ṣiṣẹ́ rárá, omi á sì sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tó wú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tó sì fà padà láàárọ̀, kì í sábà burú, àmọ́ kò yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Tí apá kan bá parí, ẹ di ara ògiri mú, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìgbà 20, kí ẹ rìn lọ mu omi. Èwo la ò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò? Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dunni ní ẹ̀yìn ojúgun. Tàbí èémí tó ṣàdédé ń gé, tí àyà ń dunni. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Japan lórí èèyàn tó lé ní 86,000, tí wọ́n gbé jáde ní 2016, fi hàn pé àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ju wákàtí 5 lọ lójúmọ́ kú ikú yìí ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ju àwọn tí tiwọn kò tó wákàtí méjì àbọ̀. Kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ṣùgbọ́n aboyún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, àti ẹni tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró, kí wọ́n má jókòó kọjá wákàtí kan láìdìde.

Ti oúnjẹ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àìsùn ń fi ebi kún ebi, ẹni tó ń jẹun lójú fíìmù kì í sì í mọ ìgbà tó yó. Ẹ bu gúgúrú àti ẹ̀pà sínú abọ́, ẹ má jẹ ẹ́ láti inú ọ̀rá. Àwa Ẹ̀gbá fẹ́ràn láfún, ṣùgbọ́n láfún aago 11 alẹ́ tí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lé lórí, àyà títa ló ń bí.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Melbourne ní Ọsirélíà, ní 2017. Wọ́n fi séríìsì alápá 6 kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́: àwọn kan wò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan wo apá kan lójúmọ́, àwọn tó kù wo apá kan lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó wò ó lẹ́ẹ̀kan náà ló rántí jù. Àwọn náà ló kọ́kọ́ gbàgbé. Nígbà tí wọ́n sì bi wọ́n bí eré náà ṣe dùn tó, àwọn ni wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Nítorí náà, tí ọkọ yín bá tún dárúkọ ọ̀kánjúwà, ẹ fèsì pé adùn gan-an lẹ̀ ń pàdánù.

Ó ku bí ẹ ó ṣe ṣe é.

Alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sórí ìwé: aago tí ẹ tan án, aago tí ẹ pa á, iye apá tí ẹ wò, aago tí ẹ jí. Ẹ kọ ọ́ láàárọ̀, ẹ má kọ ọ́ lóru. Àwọn tó rò pé apá mẹ́ta làwọn ń wò sábà máa ń bá márùn-ún nínú ìwé.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ pa bíbẹ̀rẹ̀-fúnra-rẹ̀ yẹn. Lórí Netflix, ẹ wọ Account, ẹ mú orúkọ yín níbẹ̀, ẹ lọ sí Playback settings, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Autoplay next episode in a series on all devices", kí ẹ tẹ Save. Ó rọrùn jù tí ẹ bá fi íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ṣí i ju inú áàpù lọ. Lórí YouTube, Autoplay wà lójú fídíò gan-an, ẹ fọwọ́ yí i. Bí ẹ bá ń dáwùnlóòdù, ẹ pa Smart Downloads pẹ̀lú, torí pé bí ẹ bá ti wo apá kan tán, òun ló ń pa á rẹ́ tó sì ń lọ gbé èyí tó kàn wá fúnra rẹ̀. Ẹ dáwùnlóòdù apá méjì péré fún alẹ́ kan. Bí méjèèjì bá tán, ó tán. Dátà yín náà á simi: ní ìwọ̀n Medium, Netflix ń jẹ nǹkan bíi 0.7GB ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ní High tó mọ́ rekete, ó lè dé 3GB. Wákàtí mẹ́fà lóru kan, ẹ fúnra yín ni oníṣirò.

Wàyí o, ìṣẹ́jú 15 sí 35 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ má dáwọ́ dúró níbi tí apá kan parí mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n so okùn sí, ẹ ò sì lè borí ẹni tó ń gba owó láti so ó. Ẹ jẹ́ kí apá kejì bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ṣí àpótí yẹn fún yín, kí ọkàn yín balẹ̀, kí ẹ wá pa á ní àárín, níbi tí wọ́n ti ń jẹun tàbí tí wọ́n wà nínú mọ́tò. Lálẹ́ àkọ́kọ́ ó máa ṣe yín bí ẹni pa oúnjẹ tì. Lálẹ́ kẹta, ẹ ó rí i pé ẹ ò ronú kàn án lórí bẹ́ẹ̀dì. Tẹlifíṣọ̀n yín lè bá yín ṣe é: ọ̀pọ̀ ló ní Sleep Timer nínú Settings, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 30, 60, 90 tàbí 120. Ẹ yàn án kí ẹ tó tan séríìsì, kó má jẹ́ lẹ́yìn. Fún apá oníṣẹ́jú 45, 60 ló dára jù: apá kan, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15 nínú èkejì. 120 náà dára, ó bọ́ sí ìṣẹ́jú 30 apá kẹta. Ẹ má yan 90 láé. Ìparí apá kejì gẹ́lẹ́ ló ń bọ́ sí, níbi tí ìlù ti ń bú, rìmóòtù lẹ ó sì wá.

Ẹ má fi ìpá lọ sùn ní aago 10 lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi wákàtí kan fà á wá sẹ́yìn ní alẹ́ méjì méjì: aago 2, aago 1, aago 12, aago 11. Láàárín alẹ́ mẹ́jọ ẹ ti dé aago 11, èyí tó fún yín ní wákàtí 7 títí di aago 6. Aago 6 yẹn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, títí kan ọjọ́ Àìkú. Òun ni aago inú ara fi ń mọ ìgbà tí oorun alẹ́ yóò kùn yín. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ tí oorun ò wá lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 20, ẹ dìde, ẹ jókòó sí ibi tí iná ti rọ̀, ẹ ká aṣọ tàbí kí ẹ ṣírò ọjà, kí ẹ padà bí ojú bá wúwo. Fóònù ò sí nínú rẹ̀. Pálọ̀ ni kó sùn. Ẹ ra aago alááràmù tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́.

Ohun tó sábà ń da ètò yìí rú ni iná. Ní Abẹ́òkúta, bí ẹ kò bá sí ní àdúgbò Band A tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún, ó ṣeé ṣe kí iná lọ ní aago 8 kó sì dé ní aago 12 òru. Tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò yọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì á tan fúnra rẹ̀, ariwo á jí gbogbo ilé, ẹni tó ti ń sùn á ní "wọ́n ti mú iná dé, ẹ jẹ́ ká fi wo díẹ̀." Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri ní aago 11, iná wà tàbí kò sí. Ẹ̀ẹ̀kan tí iná bá jẹ wákàtí yín, ẹ kà á sí òfò. Àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì séríìsì sábà máa ń tún apá àná ṣe lọ́jọ́ kejì. Bó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń wò ó lóru, kó má wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nítorí olè. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó lè jí ẹni tó ti sùn, ó sì ti pa odidi ìdílé rí.

Ohun kejì tó ń dà á rú ni ọkọ tó dìde tó pa tẹlifíṣọ̀n láìsọ̀rọ̀. Ó dà bí ìrànlọ́wọ́, àmọ́ abẹ́ aṣọ ìbora ni séríìsì ń gbà lọ, lórí fóònù, níwájú imú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín jókòó wo ẹyọ kan. Bí ìtàn bá parí, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Bí a bá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn, ọkàn máa ń tètè sọ̀kalẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ ọjà, ẹ yan fíìmù odindi dípò séríìsì. Fíìmù Yorùbá orí YouTube tó gba wákàtí kan àbọ̀ sí méjì, bí wọn ò bá ti kọ "Part 2" sí i, ó ní ìdí àlọ́. Ẹ fi séríìsì sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, láti aago 4. Bí ẹ bá wo apá mẹ́rin léra nígbà náà, tí ẹ sì ń dìde láàárín, kò sí ẹni tó lè bá yín wí. Wíwò léra kò burú fúnra rẹ̀, oorun tó ń jẹ ló burú.

Ti ọmọ yín kò lè dúró de alẹ́ mẹ́jọ. Ọmọ ọdún 9 nílò wákàtí 9 sí 12. Bó bá ń jí ní aago 6, aago 9 gbọ́dọ̀ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ó pẹ́ tán, àsìkò tí ẹ̀yin ń tan séríìsì gan-an. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n ní aago 8 fún un, kó wẹ̀, kó kó ìwé sínú báàgì, kẹ́ ẹ pàlọ́ kan fún un. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó jókòó sí tiyín. Ẹ̀yin náà á rí i pé aago 9 tí ilé ti pa rọ́rọ́ dùn ju aago 9 tí ẹnì kan ń bi yín pé "kí ló wà nínú àpótí yẹn, Mọ́mì?" Tí àbúrò bá wà tí kò tíì pé ọdún 5, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá wákàtí kan lójúmọ́, ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì kò sì gbọ́dọ̀ wò ó rárá.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí ohun gbogbo ṣì wà bó ṣe wà, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀ ń wo séríìsì torí pé ọkàn yín wúwo bí ẹ bá pa á, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kí a máa tọ́jú. Ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn Àrò wà nítòsí yín, láti 1954 sì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ yìí. A mọ̀ pé l'Abẹ́òkúta èébú ni "wọ́n gbé e lọ Àrò", ṣùgbọ́n ẹni tí oorun kọ̀ àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì máa ń lọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ẹsẹ̀ wíwú yẹn kò bá fà padà láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín wò. Níbikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ mú ìwé onílà mẹ́rin yẹn dání. Ó máa sọ fún dókítà láàárín ìṣẹ́jú kan ohun tí "mi ò rí oorun sùn, dókítà" kò lè sọ fún un.